Ọdún Márùn-ún Tí Wọ́n Gé Kúrò

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán ní ìlú Yavatmal ní àárọ̀ Sọ́ńdè yẹn tí Madhukar fi ti ẹsẹ̀ bọ bàtà, tó jáde lọ bẹ àwọn ará àdúgbò kí wọ́n gbàgbé pé ọmọ òun kàwé.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí Ketaki, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, gba ipò kìíní nínú ìdánwò M.Sc. lórí ìmọ̀ ewéko, Madhukar yìí kan náà ló gbé páálí pẹ́dà kiri láti ojúlé dé ojúlé, tó ń ti midinmíìdìn oníwàrà yẹn bọ àwọn èèyàn lẹ́nu kí wọ́n tó ráyè kí i, tó ń pariwo pé, "Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè o! Orúkọ ọmọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ pè!" Kò sí ẹni tó jẹ pẹ́dà ọjọ́ náà tó ti kú. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, ẹnu wọn sì mú ṣáṣá. Àwọn ni Madhukar wá ń bẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí pé bí àlejò bá bi wọ́n, B.Sc. ni kí wọ́n pè é, kí wọ́n má dárúkọ ohun tó tẹ̀ lé e.

Vatsala ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí ohùn ọkọ rẹ̀ ṣe ń rẹlẹ̀ sí i bó ti ń kúrò ní ojúlé kan bọ́ sí èkejì, ó sì gbọ́ ẹ̀rín tí wọ́n rín nílé Kusum, aládùúgbò wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó da ìrẹsì pẹlẹbẹ tó fẹ́ fi se pòhé sínú ajọ̀, ó ń wọ́n omi sí i. Ojú ń tì í nítorí ọkọ rẹ̀. Ojú ń tì í nítorí ara rẹ̀ ju ti ọkọ lọ, torí ọwọ́ òun gan-an ló ṣe é.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìdílé mẹ́sàn-án ló ti wá wo Ketaki láàárín ọdún kan ààbọ̀. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jẹ pòhé, wọ́n mu tíì, wọ́n yin ọmọ, wọ́n lọ, wọn ò padà wá. Àwọn kan ní ìwé rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn kan ní ọmọ àwọn ò fẹ́ ìyàwó tí yóò máa ṣe tíṣà fún òun nínú yàrá. Obìnrin alárinà tó ń bá wọn wá ọkọ kò bá wọn fọ̀rọ̀ pamọ́. "Baba Ketaki, ẹ ti jẹ́ kí ọmọ yín kàwé kọjá àwọn ọkọ tó wà nílẹ̀. Pravin tí mo rí ní Akola yìí, báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́, B.Com. ló ní. Ẹ gé tọmọ yín kù sí B.Sc., kí ọkàn wọn lè balẹ̀." Ohun tó ní kí wọ́n gé ni bébà ìgbéyàwó tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí ìdílé ọkọ, tí fọ́tò ọmọ máa ń wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú bó ṣe ga tó, ìràwọ̀ tí wọ́n bí i sí, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe àti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó lọ. Madhukar mú báírò, ó tẹjú mọ́ bébà náà títí, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e. Ó na báírò sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ fà á."

Vatsala sì fà á. Ó fa ìlà sórí M.Sc. Ó fà á sórí ìdánwò orílẹ̀-èdè tí àwọn tó fẹ́ kọ́ni ní yunifásítì máa ń ṣe. Ó fà á sórí ọdún méjì tí Ketaki fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, èyí tí wọ́n fi owó rẹ̀ ra fíríìjì tó wà ní pálọ̀. Ìlà mẹ́ta ni, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Vatsala tó kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kẹwàá, tó jẹ́ pé òun ló máa ń jí Ketaki lágogo márùn-ún ìdájí kó lè kàwé kí iṣẹ́ ilé tó bẹ̀rẹ̀, òun náà ló fa ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n gbé e fún ẹni tó ń tẹ bébà, ó tẹ̀ ẹ́ ní tuntun. Ketaki kò mọ̀.

"Màmá, fọ́tò mi dà?" Ketaki ló ń béèrè láti pálọ̀. Fọ́tò tó ya nínú aṣọ dúdú gbọọrọ lọ́jọ́ tó gboyè ló ń wí.

"Mo gbé e láti nù ún."

"Ṣebí àná lẹ nù ún."

"Eruku ti tún bà lé e."

Ketaki yọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, irun rẹ̀ ṣì tutù, ó ń fi táwẹ́ẹ̀lì gbọ̀n ọ́n. "Àwọn ewé mi ńkọ́? Àwọn tí mo tẹ̀ sáàárín ìwé ìròyìn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

"Wọ́n wà lókè àjà. Àlejò ń bọ̀, Ketaki. Ṣé ó yẹ kí wọ́n bá koríko nínú ilé ni?"

"Koríko kọ́ o," Àájì sọ láti orí àga rẹ̀. Ìyá Madhukar ni Àájì, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, etí rẹ̀ dá ṣáká nígbà tó bá wù ú. "Èmi ti rò pé ẹ̀fọ́ gbígbẹ ni, pé ọmọ yìí ń tọ́jú oúnjẹ de ìyàn. Ọdún méjì gbáko, ewé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì sọ́jọ́ kan tá a sè é."

Ketaki rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, mo gbà pé n ó jókòó fún wọn, n ó sì jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀la ni Mọ́ńdè. Kó tó di aago mẹ́wàá, mo gbọ́dọ̀ ti wà ní yunifásítì Nagpur pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi. Bí mi ò bá dé, ẹlòmíì ni wọ́n máa fún láyè yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì ní ẹ ó sọ fún wọn. Pé bí wọ́n bá fẹ́ mi, mo ṣì fẹ́ lọ kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ná."

"Mo ní màá sọ. Ṣé mi ò ní màá sọ ni?" Vatsala yíjú sí àlùbọ́sà tó ń gé. "Lọ wọ sárì rẹ. Èyí tó láwọ̀ ewé, má wọ dúdú."

Kusum gba ẹ̀yìnkùlé wọlé láìpẹ́, ó di ewé olóòórùn tí wọ́n fẹ́ rẹ́ sórí pòhé mọ́wọ́. Ó gbé ewé náà kalẹ̀, kò lọ. Ó fara ti ògiri, ó ń wo Vatsala bó ṣe ń yan ẹ̀pà.

"Ìyá Ketaki, bàbá ọmọ yín wá sọ́dọ̀ wa láàárọ̀."

"Mo mọ̀, Kusum. Rọra sọ̀rọ̀, ọmọ wà nílé."

"Ó ní ká má rántí M.Sc. mọ́. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín, pẹ́dà tá a jẹ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ṣé ká pọ̀ ọ́ ni?"

"Kusum, mo bẹ̀ ọ́."

"Mò ń ṣeré ni." Ó ṣà ẹ̀pà kan, ó jù ú sẹ́nu. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. "Mi ò tiẹ̀ ṣeré tán. Ọmọ tèmi náà wà ní ọdún kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo fẹ́ mọ ibi tí n ó ti dá a dúró. Ẹ̀yin ni mò ń wò láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀yin ni mo máa ń dárúkọ nílé wa pé, ẹ wo Ìyá Ketaki, ẹ wo bó ṣe tọ́mọ."

Vatsala yíjú sí ìkòkò tó wà lórí iná. Ó bu àjó sínú epo tó ti gbóná, ó da àlùbọ́sà lé e, ariwo rẹ̀ gba gbogbo ilé ìdáná. Nígbà tí ariwo náà lọ sílẹ̀, Kusum ti lọ.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni àwọn ará Akola dé. Mẹ́ta ni wọ́n. Pravin fúnra rẹ̀, ọmọ ọkùnrin tó mọ́ tónítóní tí ojú sì ń tì, tí kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Màámà, ẹni tí awò ojú rẹ̀ máa ń bọ́ sórí imú. Àti Ìyá Pravin, obìnrin rọra-rọra, tí ohùn rẹ̀ dùn, tí ojú rẹ̀ sì ti yí pálọ̀ náà po kó tó jókòó. Ó rí ibì kan tí àwọ̀ ògiri ti mọ́ ju ibi tó kù lọ, níbi tí fọ́tò kan ti wà tẹ́lẹ̀. Vatsala rí i pé ó rí i.

Wọ́n fún wọn lómi tútù. "Fíríìjì yín mà ga," Màámà wí. Madhukar ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," kò sì sọ ẹni tó rà á. Wọ́n sọ̀rọ̀ ooru. Wọ́n sọ̀rọ̀ òwú, pé òjò kò tètè dé lọ́dún yìí. Wọ́n wá ẹni tí wọ́n jọ mọ̀ ní Wardha, wọ́n rí ẹyọ kan, inú gbogbo wọn dùn sí i ju bó ti yẹ lọ. Lẹ́yìn èyí, Madhukar wúkọ́ díẹ̀, Vatsala sì dìde lọ sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ó tó àkókò.

Ketaki gbé pòhé wọlé lórí àwo ńlá. Ó tẹrí ba fún wọn, ó kan ẹsẹ̀ àwọn àgbà, ó pín àwo, ó jókòó síbi tí wọ́n fi hàn án. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kẹwàá rẹ̀ nìyí.

"Kí lorúkọ rẹ, ọmọ mi?" Ìyá Pravin mọ orúkọ náà. Wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ọmọ ni.

"Ketaki, mà."

"Ìwọ lo se pòhé yìí?"

"Rárá, mà. Màmá mi ni. Mo rẹ́ ewé sí i."

Màámà rẹ́rìn-ín sókè. "Ó máa ń sọ òótọ́! Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó yọ bébà ìgbéyàwó náà jáde lápò, ó tún awò ojú rẹ̀ gbé sókè. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. B.Sc... ọdún mélòó lo wà nígbà yẹn? Mọ́kànlélógún." Ìka rẹ̀ dúró. Ó yí bébà náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. "Ọdún márùn-ún. Kí ló ń ṣe láti ọdún márùn-ún?"

Kò sẹ́ni tó ti ronú kan ìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n fa ìlà mẹ́ta yẹn, oyè tó pọ̀ jù nìkan ni wọ́n ń wò. Kò wá sí ọkàn Madhukar, kò wá sí ti Vatsala, kò wá sí ti alárinà tó ní ìmọ̀ràn ìrànkuràn lẹ́nu, pé ibi tí wọ́n ti yọ oyè kúrò, ọdún á ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ní ìlú yìí, ọmọbìnrin tó bá fi ọdún márùn-ún ṣòfò tí kò lọ́kọ, tí kò sí nílé ìwé, tí kò níṣẹ́, àwọn èèyàn mọ ohun tí wọ́n máa ń fi dí àlàfo yẹn.

"Ìyá mi ló ṣàìsàn," ni Madhukar sọ. Ó tètè sọ ọ́ jù. "Àìsàn tó le. Ketaki ló tọ́jú ìyá àgbà."

Gbogbo ojú yí sí Àájì. Àájì wà lórí àga rẹ̀ pẹ̀lú àwo pòhé lórí ẹsẹ̀, ó ń fi èékánná ṣa ata wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ kúrò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sí etí àwo.

"Èmi?" ó ní.

"Àájì, ṣé ẹ rántí," Madhukar bẹ̀rẹ̀.

"Ìgbà wo ni mo ṣàìsàn?"

"Ojú yín, Àájì. Ojú yín tó ń dùn yín."

"Háà. Ojú." Àájì wo ọmọ rẹ̀, ó rí bí òógùn ṣe bo iwájú orí rẹ̀, àánú sì ṣe é. "Ojú mi ni. Ó dùn mí gan-an."

"Fún ọdún márùn-ún?" Ìyá Pravin béèrè jẹ́jẹ́.

"Ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀."

Pravin fi ẹnu bo tíì rẹ̀ kí ẹ̀rín má bàa bọ́. Màámà kò rẹ́rìn-ín. Ó ká bébà náà sí méjì, ó fi lé orí tábìlì. Ìyá Pravin gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀, ó sún mọ́ Vatsala lórí àga, ó fi ọwọ́ kan án lórúnkún. Kò sí ìkà lójú rẹ̀ rárá.

"Ìyá Ketaki, obìnrin bíi tiyín ni mí, mo sì ti tọ́ ọmọbìnrin méjì. Kò sóhun tójú mi ò rí rí. Bó bá jẹ́ ọmọ ló ṣàìsàn, ẹ sọ fún mi. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ló wọ ọ́, tẹ́ ẹ fi ní láti mú un jókòó sílé díẹ̀, ẹ sọ ìyẹn náà. Ká ṣáà mọ̀."

Ketaki na ọwọ́ sórí tábìlì, ó mú bébà náà. Ó ṣí i, ó kà á. Kò pẹ́ tó fi kà á tán, torí ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ kò pọ̀. Vatsala ń wo ojú ọmọ rẹ̀, ó ń dúró de ìgbà tí ìbínú yóò dé síbẹ̀. Ìbínú kò dé. Ketaki dìde dúró, ó di bébà náà mú níwájú ara rẹ̀, ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ sọ ibi tí mo wà fún wọn."

Ó lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò wúwo, ó ń dúró níwájú ọgọ́rin akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí òun bá sọ ọ́, ó ti pe bàbá rẹ̀ ní òpùrọ́ lójú àlejò. Ìyá nìkan ló lè sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀, kó dà bí àṣìṣe ẹni tó tẹ bébà, kí gbogbo wọn rẹ́rìn-ín sí i. Gbólóhùn kan péré ni. Vatsala mọ gbólóhùn náà. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó wo ọkọ rẹ̀. Madhukar ń mi orí fún un díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Ó wo Pravin, ọmọ ọkùnrin tó dàbí ẹni tí kò ní na ìyàwó. Ó ronú kan ìdílé kọkànlá, àti ẹ̀rín tí yóò máa jáde láti ilé Kusum.

"Ilé ló wà," Vatsala sọ. "Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ó ń ràn mí lọ́wọ́."

Ketaki ká bébà náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó fi í sí ibi tó ti mú un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àwo, ó ń tò wọ́n lé ara wọn, ó gba ti Àájì pẹ̀lú àwọn ata tó wà létí rẹ̀. Ó wá bojú wo àwọn àlejò, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́.

"Ṣé kí n fi tíì kún tiyín, mà?"

Ó wu Vatsala kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Nígbà tí àlejò máa lọ, ó fi ìyẹ̀fun pupa kan Ìyá Pravin níwájú orí bí wọ́n ti máa ń ṣe, ó fún un ní àgbọn kan àti aṣọ bùláòsì. Ìyẹ̀fun náà bọ́ síbi tí kò yẹ. Ìyá Pravin fi ìka ara rẹ̀ tún un ṣe, ó ní kò séwu.

Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé ni ilé dàrú. Àájì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

"Madhukar, o fọ́ mi lójú lójú ayé mi."

"Àájì, ẹ má dá mi lóhùn báyìí. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ bà á jẹ́. 'Ìgbà wo ni mo ṣàìsàn?' Ṣé irú ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè nìyẹn?"

"Ṣé o sọ fún mi tẹ́lẹ̀? Bó o bá fẹ́ kí n ṣàìsàn, o ò bá ti jí mi sọ fún mi láàárọ̀, n ò bá ti dùbúlẹ̀. Èmi tí mò ń jẹ ẹ̀pà pẹ̀lú eyín ara mi!" Ó fi igi ìtìlẹ̀ rẹ̀ gbá ilẹ̀. "Ẹ rán ọmọ nílé ìwé, ẹ yọ̀. Ó kàwé tán, ẹ ní kó pa á mọ́. Kí lẹ wá rán an lọ kọ́?"

"Kó lè rí ọkọ gidi!" Madhukar pariwo. "Kí tún ni? Nígbà yẹn, gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣe M.Sc., àwọn ẹnjiníà ń wá ọmọ tó kàwé. Mo ṣe é. Àwọn ẹnjiníà náà dà? Wọ́n dé, wọ́n béèrè iye owó tí èmi bàbá ìyàwó yóò san fún wọn, wọ́n lọ. Kí ni kí n ṣe? Kí n fi ọmọ mi sílé títí yóò fi darúgbó?"

Vatsala padà sílé ìdáná. Ó se ọbẹ̀ ẹ̀wà àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ ti ọ̀sán, ó gbé e kalẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án àfi Àájì. Ilẹ̀kùn yàrá Ketaki wà ní títì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Vatsala dé ibẹ̀, tó gbé ọwọ́ sókè láti kàn án, tó tún sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kí ni yóò wí? Ó ti sọ ohun tó fẹ́ sọ níwájú àlejò. Ó gbọ́ tí Ketaki ń rìn nínú yàrá, ó gbọ́ tí ó gun àga láti kó nǹkan lókè àjà, ó gbọ́ ariwo ìwé ìròyìn.

Aago mẹ́ta ni fóònù dún. Madhukar fò dìde, ó wo orí rẹ̀, ojú rẹ̀ là. "Àwọn ni! Ẹ dákẹ́, àwọn ni." Ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ilé lè máa gbọ́.

"Baba Ketaki, ẹ kú ọ̀sán o." Ìyá Pravin ni. "A ti délé. A ò fẹ́ fi yín sínú ìrònú. Pravin fẹ́ràn ọmọ yín. Ó ní ojú rẹ̀ tutù, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò."

"Ọlọ́run ṣeun! Ọlọ́run ṣeun."

"Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ọdún márùn-ún yẹn. A ò sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ìbátan wa kan ní ilé ìwòsàn lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹ mú ọmọ wá, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì yẹ abẹ́ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Obìnrin ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má ṣèyọnu. Bí wọ́n bá ní kò sí nǹkan, a ó mú ọjọ́."

Vatsala wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun, ó sì rí i pé ó fẹ́ gbà.

"Kò burú," Madhukar sọ. "Kò burú rárá. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ká mú un wá?"

Vatsala kò mọ ìgbà tí òun dìde. Ó ti gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ kó tó mọ̀, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra.

"Ìyá Pravin, èmi ni. Ọmọ mi ò ṣàìsàn. Àájì náà ò ṣàìsàn. Kò sí ọkùnrin kankan. Ilé ìwé ni ọmọ mi wà. Ó kàwé M.Sc. lórí ìmọ̀ ewéko, òun ló ṣe ipò kìíní. Ó ṣe ìdánwò orílẹ̀-èdè ti àwọn olùkọ́ yunifásítì, ẹ̀ẹ̀kan ló ṣe é tó fi yege. Ó fi ọdún méjì kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀nà Darwha, kíláàsì mẹ́rin lọ́jọ́ kan. Omi tútù tẹ́ ẹ mu láàárọ̀, nínú fíríìjì tó fi owó ara ẹ̀ rà la ti gbé e. Lọ́la, yóò bẹ̀rẹ̀ ìwé ọ̀mọ̀wé ní Nagpur. Àwa la gé e kúrò lórí bébà. Èmi ni mo gé e. Ọwọ́ mi yìí ni."

Madhukar ti jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Ọ̀mọ̀wé," Ìyá Pravin sọ nínú fóònù. Kò bínú. Ó dàbí ẹni tí wọ́n sọ òfò fún. "Ó mà ṣe o, Ìyá Ketaki. Pravin sì fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá jẹ́ àìsàn ni, à bá tọ́jú rẹ̀." Ó kí gbogbo ilé, ó kí Àájì, ó pa fóònù.

Vatsala gbé fóònù sórí tábìlì. Ohun kan ti fúyẹ́ láyà rẹ̀, ó ń rò ó pé òun ti ṣe é, bó tilẹ̀ pẹ́, òun ti ṣe é. Ó yíjú padà. Ketaki dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó ti bọ́ sárì, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ lọ sẹ́nu iṣẹ́, báàgì ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdì ìwé ìròyìn sì wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"O gbọ́?" Vatsala béèrè.

"Mo gbọ́."

"Mo sọ ọ́, Ketaki. Mo sọ gbogbo rẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́ dáadáa, Màmá. Kò sí èyí tẹ́ ẹ fò. Ẹ tiẹ̀ rántí iye kíláàsì tí mò ń kọ́ lójúmọ́." Ohùn rẹ̀ tutù, kò sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. "Láàárọ̀, nígbà tí mo dúró síwájú yín, mo rò pé bóyá ẹ ò mọ̀ ọ́n sọ ni."

Bó bá jẹ́ pé ọmọ náà ké mọ́ Vatsala ni, ì bá mọ bí yóò ṣe bẹ̀ ẹ́. Ó ń wo ojú Ketaki, ó ń wá ibì kan níbẹ̀ tí òun lè di mú, kò rí i.

"Bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin ni mo fẹ́ wọ̀," Ketaki sọ. Ó kí Àájì, ó kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kan ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, Madhukar kò gbé ojú sókè. Ó kan ti ìyá rẹ̀ náà, bí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré.

"Jẹ́ n bá ọ gbé e dé gáréèjì," Vatsala sọ, ó sì na ọwọ́ sí báàgì náà.

Ketaki gbé báàgì sí ọwọ́ kejì, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì jáde.